Ìbéèrè àti ìdáhùn: kí ni ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń ṣe gan-an?

Okun o, ẹ kú ilé. Ọmọ àbúrò mi kan ló wá bá mi ní Kabba, ní ìpínlẹ̀ Kogi, níjọ́sí, ó fẹ́ wọṣẹ́ ọlọ́pàá ṣùgbọ́n ó ní CID, ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, lòun ń fẹ́ o, òun ò lè dúró sójú títì. Ló bá da ìbéèrè bò mí. Iṣẹ́ yẹn ni mo ṣe lé lógún ọdún kí n tó rìtáyà, mo wá kó ohun tí mo sọ fún un síbí torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan lọ̀rọ̀ náà ò yé.

Ìbéèrè: Bàbá, ṣé torí kí wọ́n má baà dá yín mọ̀ lẹ ṣe ń wọ múfútì, aṣọ ilé lásán?

L'Ékòó bóyá. Ní Kabba níbí, ìyá alákàrà mọ̀ ẹ́, ọlọ́kadà mọ̀ ẹ́. Aṣọ iṣẹ́ ọlọ́pàá dúdú yẹn ló ń di èèyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n tó o bá wọ bùbá jókòó tì í lábẹ́ igi máńgòrò, díẹ̀díẹ̀ á sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Ìbọn ńkọ́, àti kẹ́ ẹ máa lé olè bíi ti fíìmù?

Bírò ni ọmọ mi, bírò àti fáìlì. Ọlọ́pàá tí wọ́n bá gbé ẹjọ́ fún láti wádìí là ń pè ní IPO, òun ló máa gba sitétímẹ́ǹtì lọ́wọ́ olùpẹ̀jọ́, lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí, lọ́wọ́ afurasí, á lọ wo ibi tọ́rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, á kọ ohun tó ṣe lójoojúmọ́ sílẹ̀, torí tí adájọ́ bá pè é lẹ́yìn ọdún méjì ohun tó kọ yẹn ló máa rí dì mú. Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti apá Àríwá, la ń lò ní Kogi bá a tiẹ̀ ń sọ Yorùbá, First Information Report, ìwé tá a kọ ẹ̀sùn sí, la sì fi ń gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù Májísíréètì. Tó bá jẹ́ ìpànìyàn, kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa, State CID, ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ìpínlẹ̀, ní Lọ́kọ́ja ló ń lọ. Owó mọ́tò àti fọ́tòkọ́pì, àìmọye ìgbà ni mo ti fi tàpò mi san án.

Ìbéèrè: Báwo lẹ ṣe ń mọ ẹni tó ń purọ́?

A kì í mọ̀ ọ́n lójú. Ẹni tí ò ṣe nǹkan kan lè máa gbọ̀n, kí olè jókòó kó máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún kan lásìkò káṣú, àpò mẹ́fà pòórá nílé àgbẹ̀ kan, gbogbo àdúgbò ní lébìrà tó wá bá wọn ṣa káṣú ni, wọ́n ti lù ú kí n tó débẹ̀, ó ń sọ fún mi pé òun á gbà pé òun ló jí i tí wọ́n bá lè yéé na òun. Mo lọ jókòó ti ìyàwó àgbẹ̀ yẹn ní ilé ìdáná, mo ní kó sọ bí wọ́n ṣe di àpò náà, lẹ́ẹ̀mẹta ni mo bi í, ẹ̀ẹ̀kẹta ló rántí pé okùn tán lọ́wọ́ òun, òun wá ya etí ìró aláró òun àtijọ́ fi rán ẹnu àpò méjì tó kù. Ọjọ́ kẹta mo rí ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ra káṣú. Aṣọ aláró tínrín, òwú ti ń yọ létí ẹ̀, kókó méjì-méjì ló ta á. Ẹni tó tà á síbẹ̀? Ọmọ ẹ̀gbọ́n àgbẹ̀ yẹn, tó bá wọn ru àpò wọlé.

Ìbéèrè: Tẹ́nì kan bá ṣáà ti jẹ́wọ́, ṣé ẹjọ́ ò ti parí?

Ibí ni kó o fetí sí. Òfin ẹ̀rí ti 2011 ní kóòtù ò gbọ́dọ̀ gba ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fìyà gbà. Òfin ACJA ti 2015, èyí tó sọ bí ẹjọ́ ọ̀daràn ṣe gbọ́dọ̀ máa lọ, fẹ́ kí lọ́yà tàbí ẹlòmíì tí afurasí bá yàn lè wà níbẹ̀ tó bá ń ṣe sitétímẹ́ǹtì. Ìwé òfin Nàìjíríà náà sọ ọ́, ẹni tá a bá mú gbọ́dọ̀ dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan tí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà, tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ọjọ́ méjì, àfi tí kóòtù bá fi kún un. Bélì sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣó o wá rí lébìrà yẹn, ká ní mo gba ìjẹ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò ní wá aṣọ aláró kankan, ọmọ ọlọ́mọ ì bá sì wà lẹ́wọ̀n.

Ìbéèrè: Kí ló wá le jù níbẹ̀?

Ìbátan. Nílẹ̀ Okun níbí, lọ́dọ̀ àwa Yorùbá Kogi, ẹni tí wọ́n jà lólè àti ẹni tó jalè, àna ni wọ́n tàbí ọmọ ìyá. Mọ̀lẹ́bí àgbẹ̀ yẹn wá bá mi ní sitéṣàn, àgbà mẹ́fà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti di ti ilé. Ìyàwó yẹn, òun nìkan ló lè dá aṣọ ẹ̀ mọ̀ ní kóòtù, ó dé ọ̀dọ̀ adájọ́ ó ní òun ò mọ aṣọ náà rí. Kò wo ojú mi. Ẹjọ́ fọ́ síbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bẹ lébìrà. Ọjọ́ tó wá gba fóònù àti àdá ẹ̀ lọ́wọ́ wa kó tó padà sílùú ẹ̀, ó bi mí bóyá orúkọ òun ti kúrò nínú fáìlì. Mo ní a kì í ya ojú ewé kúrò nínú fáìlì, mo ṣí i, mo fi ìka tọ́ka sí ibi tí mo kọ ọ́ sí pé kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Kò mọ̀wé, ó ní kí n bá òun kà á. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà.