1080p Kọ́ Ló Ń Pinnu Bí Fáìlì Fídíò Ṣe Tóbi Tó

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń ya fídíò òde máa ń gbọ́ lẹ́nu oníbàárà ṣáá: "Fídíò wákàtí kan tó jẹ́ 1080p, GB mélòó ló máa gbà?" 1080p ni fídíò tí píksẹ́lì, ìyẹn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, tò ní ìlà 1,080 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dáhùn ìbéèrè náà. Ó dà bí ìgbà téèyàn béèrè pé lítà epo mélòó ni mọ́tò pupa máa jẹ láti Èkó dé Ìbàdàn. Àwọ̀ mọ́tò kò kan epo, 1080p náà kò sì sí nínú ìṣirò tó ń sọ bí fáìlì ṣe máa wúwo tó. Nǹkan méjì péré ló wà níbẹ̀: bitrate, àti bí fídíò náà ṣe gùn tó.

Bitrate ni iye bit tí fídíò ń ná ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi iye ìṣẹ́jú àáyá sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi 8 pín in, torí bit 8 ló ń di byte 1. Fídíò tó ń ná 5 Mbps, ìyẹn megabit (mílíọ̀nù bit) 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, máa ná megabit 300 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 37.5 MB, ní wákàtí kan, 2.25 GB. Ohùn tí wọ́n fi ọ̀nà AAC fún pọ̀ ní 128 kbps (ẹgbẹ̀rún bit 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) á fi bíi 58 MB lé e. Ó tán. Bí 5 Mbps yẹn bá jẹ́ ti 4K, 2.25 GB ni. Bó bá jẹ́ ti 480p, 2.25 GB náà ni. Lẹ́tà b kékeré ni bit, B ńlá ni byte. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pe èkejì ti ṣìṣe ní ìlọ́po mẹ́jọ. Bí Windows bá sì pe 2.25 GB yẹn ní 2.1 GB, kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan: 1,024 ló fi ń ka ẹgbẹ̀rún tirẹ̀.

Kò ṣòro láti rí ibi tí àṣìṣe náà ti wọlé. Ìlànà tí YouTube ṣe fáwọn tó ń gbé fídíò síbẹ̀ dábàá 5 Mbps fún 720p, 8 Mbps fún 1080p, àti 35 sí 45 Mbps fún 4K, bí férémù, ìyẹn àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ léra di fídíò, bá wà láàárín 24 sí 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àwòrán ṣe ń fẹ̀ ni bitrate ń gòkè, ojú sì ti bá àwọn méjèèjì pàdé pọ̀ títí tó fi ń pe ọ̀kan ní orúkọ èkejì. Àmọ́ inú iPhone lẹ̀rí wà. Lójú ètò kámẹ́rà rẹ̀, Apple kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìṣẹ́jú kan fídíò 1080p ní férémù 30 máa gba bíi 130 MB téèyàn bá yan Most Compatible, àti bíi 60 MB tó bá yan High Efficiency. 1080p kan náà, férémù 30 kan náà, fóònù kan náà. Ẹ ṣírò rẹ̀ padà: èkíní ń ná bíi 17 Mbps, èkejì 8 Mbps. H.264, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀ tó jáde ní 2003, ló ń fún tàkọ́kọ́ pọ̀, HEVC tó jáde ní 2013 ló ń fún èkejì, ọmọ ẹ̀yìn yìí sì ti mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ ohun kan náà.

Kí wá ni iṣẹ́ 1080p? Òun ni iye ẹnu tó ń dúró de ọbẹ̀. Bitrate ni ìkòkò. Ká ní 600 kbps la ní, férémù 25. Ní 360p, píksẹ́lì 5,760,000 ló máa pín in jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1080p, 51,840,000, ìlọ́po mẹ́sàn-án gééré. Ẹni tó bá gbé ìkòkò náà sórí ìwọ̀n á rí i pé kò fúyẹ́, kò wúwo sí i. Àmọ́ níbì kan, ènìyàn mẹ́sàn-án ló jókòó tì í. Níbì kejì, mọ́kànlélọ́gọ́rin. Gbogbo wọn á kúkú rí nǹkan fi kan ẹnu, ṣùgbọ́n omi tóró ló máa kan àwọn tibí kejì. Lójú fídíò, omi tóró yẹn ni ojú èèyàn tó rí bàìbàì àti ara ògiri tó là sí ìgúnmẹ́rin-ìgúnmẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí 360p fi máa ń mọ́ lójú ju 1080p lọ nígbà tí bitrate bá kéré.

Ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tí encoder, ètò tó ń fún fídíò pọ̀, ń ṣe kó tó dé 5 Mbps yẹn. 1080p tí a kò tíì fún pọ̀, férémù 25, irú tí kámẹ́rà kéékèèké ń lò (8-bit 4:2:0, ìyẹn bit 12 fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan), ń gba megabit 622 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wákàtí kan rẹ̀ jẹ́ 280 GB. Nínú bíi apá 124, ẹyọ kan ló ṣẹ́kù tí fídíò bá dé 5 Mbps, síbẹ̀ ẹni tó ń wò ó lórí fóònù kò mọ̀ pé nǹkan kan dín.

Encoder kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ àwòrán. Ìyàtọ̀ ló ń kọ. Férémù àkọ́kọ́ nìkan ló máa kọ tán pátápátá. Tó bá di èyí tó tẹ̀ lé e, H.264 á gé e sí ìgúnmẹ́rin kéékèèké, píksẹ́lì 16 níbùú, 16 lóòró, á sì máa bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè pé: ǹjẹ́ mo ti rí ọ rí? Ògiri ẹ̀yìn pásítọ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì tíì kúrò lójú kan; ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ná bit kankan. Apá pásítọ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ mo ti sún ní píksẹ́lì 7 sọ́wọ́ ọ̀tún. Encoder á kọ "sún 7" sílẹ̀, á fi àtúnṣe díẹ̀ lé e. Kódà ó máa ń yọjú wo férémù tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà kó tó pinnu ibi tó ti máa yá àwòrán. x264, encoder H.264 tí ọ̀pọ̀ ètò ń lò, lè ṣe báyìí fún férémù 250 kó tó tún kọ odindi mìíràn, àyàfi tí ìran bá yí padà.

Wàyí o, ẹ gbé kámẹ́rà lọ síbi ìnáwó. Wọ́n ń ná ìyàwó lówó, bébà kọ̀ọ̀kan ń yí gbirigbiri bọ̀ wálẹ̀, léèsì olókùúta ń kọ mànà lábẹ́ iná tó ń pa àwọ̀ dà, ogójì èèyàn ń jó yí wọn ká. Ìgúnmẹ́rin tí encoder bá bi léèrè á ní rárá o, a ò rí ara wa rí. Ó di dandan kó kọ gbogbo wọn látilẹ̀. Bí òjò ṣe rí nìyẹn, bí ìgbì òkun ṣe rí nìyẹn, ewé igi tí atẹ́gùn ń fẹ́ náà kò gbẹ́yìn.

Ọ̀tá kan tún wà tí ojú kì í tètè rí. Kámẹ́rà tí kò bá rí iná tó á gbé ISO rẹ̀ (bó ṣe ń fi agbára mú iná tó) sókè, òkùnkùn ẹ̀yìn gbọ̀ngàn á sì kún fún nǹkan wínníwínní tó ń rìn bí eèrà. Encoder kò mọ̀ pé ìdọ̀tí ni. Wọ́n ń yí padà ní férémù kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sanwó wọn ní férémù kọ̀ọ̀kan. Gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí kò sẹ́ni tó mira níbẹ̀, lè jẹ bit ju ijó ọ̀sán gangan lọ. Oògùn rẹ̀ tó dára jù ni iná sí i. Bí wọ́n bá ti yà á tán, asẹ́ hqdn3d tó wà nínú ffmpeg, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń tún fídíò ṣe, lè gbá díẹ̀ lára rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó fún un pọ̀.

A ti mọ ohun tí ìran kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Ó ku bí wọ́n ṣe ń pín in. Ká ní ìdílé kan ń ṣe òkú àgbà fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n sì ra màlúù mẹ́rin. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni màlúù kan lójúmọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, níbi àìsùn, ọgbọ̀n èèyàn ló wá, ẹran ṣẹ́kù, ajá àdúgbò yó. Ní Àbámẹ́ta, èrò ya wọlé, eegun ni wọ́n ń bá fà á. Bitrate tí kì í yí padà, tí wọ́n ń pè ní CBR, nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni VCD ṣe rí. Ìlànà rẹ̀ jáde ní 1993, ìyára tí awo ń fi yí ló sì pinnu ohun gbogbo: CD tó ń yí ní ìyára àkọ́kọ́ ń ka sẹ́kítọ̀ 75 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, byte 2,324 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bit 1,394,400. Wọ́n fún àwòrán ní 1,150 kbps, wọ́n fún ohùn ní 224, àpò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ìran ijó kò lè yá bit lọ́wọ́ ìran tí bàbá àti ìyá jókòó ní pálọ̀ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ìdí rèé tí fíìmù Yorùbá orí VCD fi ń mọ́ kedere ní pálọ̀, tó wá ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí wọ́n bá dé ibi àríyá. Òun náà ló fà á tí fíìmù wákàtí méjì fi ń gba awo méjì. CD ìṣẹ́jú 74 ń gba VCD ìṣẹ́jú 74, ì báà jẹ́ ògiri funfun ni wọ́n yà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Alásè tó gbọ́n á kọ́kọ́ ka àlejò. Màlúù ṣì jẹ́ mẹ́rin, àmọ́ itan kan ti tó Ọjọ́bọ̀, Àbámẹ́ta á gba méjì àti ààbọ̀. Two-pass nìyí: ní ìrìn àkọ́kọ́, encoder á wo fídíò tán láìkọ àwòrán kankan, á kàn ṣàkọsílẹ̀ ibi tó le àti ibi tó rọ̀, ní ìrìn kejì, á pín owó tó wà nílẹ̀. Fáìlì á bọ́ sórí ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í tó nǹkan.

Ẹ̀kẹta ni ìdílé tó ní kí gbogbo ẹni tó bá wá ṣáà yó bákan náà. Màlúù mélòó? Ó di Ọjọ́ Àìkú ká tó mọ̀. CRF ni wọ́n ń pe èyí. Nọ́ńbà kan ni wọ́n fi ń sọ bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó; nínú x264, 23 ni wọ́n gbé e sí bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i. Bí wọ́n bá fi 6 kún un, fáìlì á dín sí bí ìdajì, bí wọ́n bá yọ 6, á di bí ìlọ́po méjì. Fún ohun tí wọ́n fẹ́ tọ́jú sílé, CRF ló lóye jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ohun tí ojú ń béèrè ló ń dáhùn, kì í ṣe ohun tí ìwọ̀n ń béèrè. Two-pass wà fún ẹni tí wọ́n fa ìlà fún pé fáìlì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju báyìí lọ. CBR, ní tirẹ̀, ṣì ní iṣẹ́ lórí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tààrà, níbi tí nẹ́tíwọ́kì kò ti lè yá èèyàn ní ohun tí kò ní.

Ẹ jẹ́ ká fa ìlà kan: 16 MB tí WhatsApp lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ fi 1 MB sílẹ̀ fún àpótí fáìlì (bíi MP4, tó ń kó àwòrán àti ohùn pọ̀ sójú kan) àti fún àṣìṣe. 15 MB jẹ́ megabit 120. Ẹ fi 180 pín in, ó jẹ́ bíi 666 kbps. Ẹ yọ 64 fún ohùn, 600 ló kù fún àwòrán. Ìkòkò òkè lọ́hùn-ún nìyẹn, nítorí náà 360p ni kí ẹ fi jẹ ẹ́. Ìrìn méjì two-pass náà rèé nínú ffmpeg, ode.mov ni fídíò tí ẹ yà:

ffmpeg -y -i ode.mov -c:v libx264 -b:v 600k -vf scale=-2:360 -pass 1 -an -f null /dev/null

ffmpeg -i ode.mov -c:v libx264 -b:v 600k -vf scale=-2:360 -pass 2 -c:a aac -b:a 64k ode.mp4

Lórí Windows, NUL ni kí ẹ fi rọ́pò /dev/null. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí WhatsApp fọwọ́ kan fídíò òun rárá, kó fi í ránṣẹ́ bíi document. Láti 2022, ó ń gba tó 2 GB báyìí.

Àwọn kan máa ń gbé fídíò 1 Mbps tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n á tún un ṣe ní 8 Mbps pé kó lè mọ́ sí i. Fáìlì á wú ní ìlọ́po mẹ́jọ, encoder á sì fara balẹ̀ kọ gbogbo ìgúnmẹ́rin tó fọ́ sílẹ̀ láìfi ọ̀kan ṣeré. Omi tí wọ́n bù sínú ọbẹ̀ tó ti ṣàn kò di ẹran. Sísọ MP4 di MKV náà kò dín nǹkan kan kù bó bá jẹ́ àpótí nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Ní ti kámẹ́rà tó dédé gé fídíò sí méjì láàárín ìsìn, kò bàjẹ́. Mẹ́mórì káàdì tí wọ́n tò ní ìlànà FAT32 kì í gba fáìlì tó ju 4 GB lọ. Ní 24 Mbps, ìṣẹ́jú 24 ti tó láti débẹ̀, kámẹ́rà á sì ṣí fáìlì tuntun. Ìsìn wákàtí kan ààbọ̀ á jáde ní fáìlì mẹ́rin. Concat, ohun èlò ìsopọ̀ fáìlì nínú ffmpeg, pẹ̀lú -c copy á so wọ́n pọ̀ láìtún wọn fún pọ̀ rárá, àpapọ̀ ìwọ̀n wọn náà ló sì máa jẹ́.