Bí orí ọmọ bá ṣì ń fọ́ lẹ́yìn oṣù kan tó fi orí gbá nǹkan: iṣẹ́ tí ìtọ́jú ọkàn lè ṣe

Ọmọ ṣubú lórí ọ̀kadà ní Ìtámàga ní Ìkòròdú, tàbí òun àti ọmọ mìíràn forí gbárí níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìgbógbó. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò séwu, wọ́n sì mú un padà sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọjá, orí ṣì ń fọ́ ọ. Òòyì ń kọ́ ọ bó bá dìde. Ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ni ín lára. Bó bá kàwé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní kò sí ohun tó wọ òun lórí. Àwọn ará ilé ti pín sí méjì: àwọn kan ní ó ń díbọ́n nítorí WAEC, àwọn kan ní nǹkan ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀ tí dókítà kò rí. Èrò méjèèjì ló ń pa ọmọ náà lára.

Bí orí bá gbá nǹkan lójijì, ọpọlọ á mì nínú agbárí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀jẹ̀ kò dà nínú rẹ̀, egungun kò sì ṣẹ́. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń lo agbára ló dàrú fúngbà díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti egungun ni àwòrán inú orí tí wọ́n ń pè ní CT sì máa ń wá, ìdí nìyẹn tí èsì rẹ̀ fi lè dára nígbà tí ara ọmọ kò tíì yá. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ máa ń gbà kó tó rọlẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Kánádà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2016, tí àwọn ọmọ tó lé ní 3,000 wà nínú rẹ̀, bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni ara wọn kò tíì padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọjọ́ 28. Ó máa ń pẹ́ jù lára àwọn ọmọbìnrin, àwọn tó ti ń bàlágà, àwọn tí túúlu ti ń yọ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, àti àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí tí kò sì tètè lọ.

Ohun tó dá àìsàn yìí sílẹ̀ lè ti kásẹ̀ nílẹ̀, kí ohun mìíràn wá máa gbé e ró. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú ọkàn, ìyẹn ìtọ́jú èrò àti ìṣe tí àwa sàíkọ́lọ́jísì ń ṣe, ti wúlò.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Wọ́n ní kí ọmọ sinmi. Wọ́n ti fèrèsé, wọ́n gba fóònù, wọ́n dá a dúró nílé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sókè. Fún ọjọ́ kan sí méjì, ìyẹn dára. Kódà kó má wo fóònù àti tẹlifíṣàn fún wákàtí 48 àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ kí ara tètè yá. Ṣùgbọ́n ìsinmi náà di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ ń sùn lọ́sàn-án, kò rí oorun sùn lóru. Ara tí kò ṣe nǹkan kan kò ní okun mọ́: bó bá gun àtẹ̀gùn lásán, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, ojú rẹ̀ á máa ṣú, á sì gbà pé ọpọlọ òun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù yẹn ń mú iṣan ọrùn le, ọrùn tó le ń mú orí fọ́, orí tó ń fọ́ ń dá kún ẹ̀rù. Àwọn ọ̀rẹ́ kò wá mọ́. Ìdánwò ń bọ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2015 fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n sinmi pátápátá fún ọjọ́ márùn-ún ráhùn nípa ara wọn ju àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n sinmi ọjọ́ kan sí méjì lọ. A ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ìfẹ́ ló ń mú òbí ṣe é.

Ẹ̀fọ́rí yìí kì í ṣe irọ́. Ó ń dun ọmọ náà dáadáa. Bí a bá ní kó wá rí sàíkọ́lọ́jísì, a kò sọ pé orí rẹ̀ dàrú, a kò sì sọ pé ó ń ṣe àṣejù.

Kí ẹnikẹ́ni tó ronú nípa irú ìtọ́jú yìí, àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé pàjáwìrì ọsibítù ni ẹ gbọ́dọ̀ gbé ọmọ lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru: orí tó ń fọ́ síwájú sí i láìdáwọ́ dúró, èébì léraléra, gìrì, ẹyinjú dúdú kan tó fẹ̀ ju èkejì lọ, apá tàbí ẹsẹ̀ tó rọ, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu, omi tó mọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde nímú tàbí létí, oorun tí a kò lè jí ọmọ nínú rẹ̀. Bí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tí kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ọmọ lè sùn. Kò sí ìdí láti máa gbá a létí kó má bàa sùn.

Ìtọ́jú náà sábà máa ń gba ìpàdé mẹ́fà sí méjìlá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a máa ń bá òbí sọ̀rọ̀, a sì máa ń bá ọmọ nìkan sọ̀rọ̀, nítorí ohun tí ọmọ kò lè sọ lójú màmá rẹ̀ pọ̀. A máa ń bi í gbangba bóyá ó ti ń rò ó pé kóun kú. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ọmọ lórí. Ìdákẹ́jẹ́ ló léwu. A tún ń béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí *kó tó* ṣubú. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tára rẹ̀ kò yá máa ń rántí ayé àtijọ́ bí ẹni pé kò sí ìyọnu kan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí ti ń fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti ìgbà tó wà ní JSS 3, ó sì ti ń gbàgbé ibi tó fi bíírò sí.

Lẹ́yìn náà ni ìwé. Ìwé ewé 40 tí wọ́n ń lò níléèwé ti tó. Ọmọ á fa ìlà sí i: aago, ohun tí mo ṣe, iye tí ara ń ni mí láti 0 dé 10. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ni kó kọ ọ́: àárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kó tó sùn. Kó má ṣe é ní wákàtí wákàtí, nítorí ìrora tí a ń ṣọ́ ń pọ̀ sí i ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ojú ìwé náà á fọhùn. Mọ́ńdè, 3. Túsìdè, 2, ara yá, ló bá fi wákàtí mẹ́rin gbá géèmù, ó kọ nóòtì ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀, ó tẹ̀ lé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ síbi bọ́ọ̀lù. Wẹ́sìdè, 8. Tọ́sìdè àti Fúráìdè, orí bẹ́ẹ̀dì. Àṣejù ọjọ́ tó dára ló bí ọjọ́ tó burú, ìwọ̀n la sì fi ń wò ó sàn.

Ìwọ̀n náà ní ìṣirò. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ọmọ kàwé títí orí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín lára, kó kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 15, 25 àti 20. Tí a bá ṣe é pọ̀ tí a pín in sí mẹ́ta, 20 ni. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò, ó ku 16. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 15. Ìṣẹ́jú 15 ni yóò máa kà, yóò sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá *bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá*, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un. Aago ló ń dá a dúró, kì í ṣe ìrora. Bó bá jẹ́ ìrora ló ń dá a dúró, ara rẹ̀ á kọ́ pé ìwé léwu.

Orí lè ni ín lára díẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe é. Bí máàkì ìrora tó ń kọ sínú ìwé kò bá fi ju méjì lọ sókè, tó sì rọlẹ̀ kí wákàtí kan tó pé, kò sí ohun tó bàjẹ́, kó máa bá a lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó padà sí ìwọ̀n tó ti ń lò tẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Kó má ṣe padà sí òdo. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń kùnà: ọmọ fajú ro lẹ́ẹ̀kan, ìyá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sì ti lọ.

Ìrìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 20 lójoojúmọ́ wà lára ìtọ́jú náà, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ kí oòrùn tó mú, ní àdúgbò tí ọ̀kadà kò pọ̀ sí. Ìwọ̀n eré rẹ̀ ni pé kó lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kó má lè kọrin. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2019 lórí àwọn ọ̀dọ́ ọdún 13 sí 18, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ irú eré yìí láàárín ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ fi ọjọ́ 13 yá, nígbà tí àwọn tó kàn ń nara lo ọjọ́ 17. Ariwo náà ní àtẹ̀gùn tirẹ̀, kó lè máa mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀: rédíò tí ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, lẹ́yìn náà ìjókòó níwájú ilé, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 15 ní Sábó láàárọ̀ kí ọjà tó kún, lẹ́yìn náà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú gbogbo ariwo kọ̀ndọ́kítọ̀. Kó bọ́ jígí dúdú nínú ilé.

Ní ti oorun, wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò. Àkókò jíjí ni kí ẹ mú ṣinṣin, pẹ̀lú Sátidé. Oorun ọ̀sán kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 30. Kí fóònù sùn ní yàrá òbí, nítorí bí NEPA bá mú iná wá ní aago méjì òru, ọmọ tó dìde láti fi fóònù sí chájì kì í padà sùn bọ̀rọ̀. Mímí díẹ̀díẹ̀ máa ń ṣèrànwọ́: fífa èémí sínú bí ó ṣe ń ka ení dé ẹ̀rin, mímú un jáde bí ó ṣe ń ka ení dé ẹ̀fà, fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Èrò ló gba sùúrù jù. A kì í bá ọmọ jiyàn, a máa ń dán èrò wò. Báyìí ló sábà máa ń lọ:

"Àǹtí, mi ò lè kàwé mọ́. Ọpọlọ mi ti bàjẹ́."

"Bí o bá ka ojú ìwé bàọ́lọ́jì méjì báyìí, kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?"

"Orí mi á fọ́ dé 9. Mi ò sì ní rántí ohunkóhun, ma."

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Jẹ́ ká kà á, màá bi ẹ́ ní ìbéèrè márùn-ún."

Ó kà á. Máàkì rẹ̀ jẹ́ 5, ó sì gba mẹ́ta nínú márùn-ún. A kò sọ fún un pé kò sí ohun tó ṣe é, nítorí 5 kì í ṣe 0. A kàn fi ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a sì bi í pé kí ló rí. Ohun tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ló máa gbà gbọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ yé bi í ní gbogbo ìgbà pé "ṣé orí ṣì ń fọ́ ẹ?" Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ tó. Ẹ bi í pé báwo ni ìwé ṣe lọ, báwo ni ìrìn ṣe rí. Ẹ̀yin bàbá tó ń sọ pé "gbogbo wa la ti ṣubú rí", ọ̀rọ̀ yẹn ń mú kí ọmọ wá ẹ̀rí pé òótọ́ lòún ń sọ, ẹ̀rí kan ṣoṣo tó sì ní ni kí ara rẹ̀ má yá.

Níléèwé, ẹ béèrè fún àárọ̀ nìkan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìjókòó níwájú tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, ààyè láti jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àti nóòtì ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ láti fi ṣe fótókópì. Ẹ kọ ọjọ́ tí ààyè kọ̀ọ̀kan máa parí sínú lẹ́tà náà, kó má bàa di ti títí láé. Bọ́ọ̀lù àti ohunkóhun tó lè mú orí gbá nǹkan, ó di ìgbà tí dókítà bá fọwọ́ sí i.

Oògùn ìrora tí ọmọ ń lò ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù lè máa dá ẹ̀fọ́rí sílẹ̀ fúnra rẹ̀, parasítámọ́ọ̀lù náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni kó mọ. Tramadol kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Bí ẹ bá sì rò pé ibà ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ọmọ tó gbé oògùn ibà mì lẹ́ẹ̀kẹrin.

Ìtọ́jú yìí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ní Seattle, àwọn ọ̀dọ́ 49 ló wà nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2016. Àwọn kan gba ìtọ́jú èrò àti ìṣe, ẹnì kan sì ń so dókítà, ilé ìwé àti ilé pọ̀. Àwọn yòókù gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bíi 13 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara kò tíì yá dáadáa nínú ti àkọ́kọ́, ó sì jẹ́ bíi 42 nínú ti èkejì. Ìwádìí náà kéré, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí à ń rí lẹ́nu iṣẹ́ mu. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan lẹ́yìn ìpàdé mẹ́rin, ohun kan ti fara pamọ́: ọrùn tó nílò onífisíò tó ń tọ́jú iṣan, ojú tí kò ríran dáadáa, túúlu tó nílò oògùn tirẹ̀, ìbànújẹ́ ọkàn, tàbí ẹnì kan níléèwé tó ń fìyà jẹ ẹ́.

Láti Ìkòròdú, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà, kí dókítà yẹ ọmọ wò kó sì kọ lẹ́tà. Àwọn ọsibítù ńlá LASUTH ní Ìkẹjà àti LUTH ní Ìdí-Àràbà ni ẹ tún lè lọ. Ọsibítù àìsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábàá ní ẹ̀ka fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì. Kí orúkọ Yábàá má dẹ́rù bà yín. Ẹ mú ìwé tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tó ṣubú dání, káàdì ọsibítù, gbogbo sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn tó ti lò títí kan àgbo, àti ìwé ewé 40 yẹn bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ẹ kúrò ní Gáréèjì láàárọ̀ kùtùkùtù, nítorí ọmọ tí gó-síló ti lù fún wákàtí mẹ́ta ní Máìlì 12 kò ní lè dáhùn ìbéèrè dáadáa bó bá débẹ̀.