Ìwé ìdìbò ló ya apá òsì Amẹ́ríkà sọ́tọ̀ sí ti Yúróòpù

Nínú ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ọdún 2000, ìbò 537 péré ni George W. Bush ti ẹgbẹ́ Republican fi fẹ̀yìn Al Gore ti ẹgbẹ́ Democrat janlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida, Florida yìí ló sì gbé e dé ipò ààrẹ. Ní ìpínlẹ̀ kan náà, Ralph Nader tó díje lábẹ́ ẹgbẹ́ Green gba ìbò 97,488. Nínú àwọn tó dìbò fún Nader, àwọn tí ì bá yan Gore pọ̀ ju àwọn tí ì bá yan Bush lọ. Ìbò tí wọ́n dì tọkàntọkàn wá di àǹfààní fún ẹni tí èrò rẹ̀ jìnnà sí tiwọn. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá dábàá pé kí apá òsì Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn tó fẹ́ kí ìjọba ṣe púpọ̀ fún mẹ̀kúnnù, kúkú dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ dúró, Florida ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

Ní Jámánì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì hàn lójú ìwé ìdìbò fúnra rẹ̀. Òpó méjì ló wà lórí ìwé náà. Ní òpó ọwọ́ òsì, tí wọ́n fi yíǹkì dúdú tẹ̀, olùdìbò á yan ẹni tí yóò ṣojú àgbègbè rẹ̀. Ní òpó ọwọ́ ọ̀tún, tí wọ́n fi yíǹkì búlúù tẹ̀, á yan ẹgbẹ́. Òpó kejì yìí ni wọ́n fi ń pín àga nílé aṣòfin. Ẹgbẹ́ tí kò bá tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún kì í wọlé, àyàfi tó bá wọlé ní àgbègbè mẹ́ta ní tààrà. Ẹgbẹ́ Die Linke, tí orúkọ rẹ̀ gan-an túmọ̀ sí "Òsì", gba ìdá 4.9 lọ́dún 2021. Díẹ̀ báyìí ló kù kó ṣubú pátápátá, ṣùgbọ́n ó ti mú àgbègbè méjì ní Berlin àti ọ̀kan ní Leipzig, nítorí náà ó rí àga 39 gbà. Lọ́dún 2025, ìdá 8.8 fún un ní àga 64.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ tó kù ti ṣẹ̀: àsìkò tí wọ́n ń dúnàá dúrà. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á jáde pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá ka ìbò tán ni wọ́n tó jókòó láti mọ ẹni tí yóò bá ta ni ṣèjọba. Ní Amẹ́ríkà, kí ìbò tó dé rárá ni apá òsì ti gbọ́dọ̀ bá àwọn tó wà láàárín dúnàá dúrà, nínú ẹgbẹ́ Democrat kan ṣoṣo. Alexandria Ocasio-Cortez, aṣòfin apá òsì nínú ẹgbẹ́ Democrat, sọ ọ́ lọ́dún 2020 pé ní orílẹ̀-èdè mìíràn, òun àti Joe Biden kò ní í wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Àwọn orúkọ àti àwọ̀ náà máa ń ṣi ni lọ́nà. Pupa ni àwọ̀ apá òsì ní Yúróòpù, àmọ́ pupa ni wọ́n fi ń kun ìpínlẹ̀ Republican lórí máàpù Amẹ́ríkà. Ẹni tí Amẹ́ríkà ń pè ní líbẹ́rà, apá òsì ni wọ́n kà á sí. Ní Jámánì, ẹgbẹ́ líbẹ́rà ni FDP, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí ìjọba dín owó orí kù, kó sì yọwọ́ nínú ọjà.

Síbẹ̀, apá òsì tó dà bí ayálégbé nínú ilé Democrat yìí ní kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù kì í sábà fún ẹnikẹ́ni: ìdìbò abẹ́lé, níbi tí àwọn olùdìbò fúnra wọn ti ń yan ẹni tí ẹgbẹ́ yóò fà kalẹ̀. Ní June ọdún 2018, Ocasio-Cortez, ẹni ọdún 28 tó ti ń gbé ọtí fún oníbàárà rí, fi ìbò abẹ́lé gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Joe Crowley, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Democrat nílé aṣòfin. Ìbò tó gbà kò tó 20,000, ní àgbègbè tí èèyàn bí 700,000 ń gbé. Lọ́dún 2025, ọ̀nà kan náà ni Zohran Mamdani gbà borí Andrew Cuomo, gómìnà New York tẹ́lẹ̀, nínú ìdìbò abẹ́lé, kó tó di olórí ìlú New York. Bernie Sanders tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ olómìnira pàápàá díje fún tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ Democrat lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sẹ́ni tó lè tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ wá wo Jeremy Corbyn, olóṣèlú apá òsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣe olórí ẹgbẹ́ Labour láti 2015 sí 2020, síbẹ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ láti fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2024. Ó dá dúró ní àgbègbè Islington North ní London, ó sì wọlé.

Ìyàtọ̀ mìíràn wà níbi ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ (trade union). Àwọn ni wọ́n pilẹ̀ Labour lọ́dún 1900. Ní Swídìn, nǹkan bí òṣìṣẹ́ méje nínú mẹ́wàá ló ṣì wà nínú ẹgbẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n láàárín ọdún 1950 sí 1960, lónìí, wọn ò ju bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá lọ. Nígbà tí Labour wọlé lọ́dún 1945 pẹ̀lú àga tó pọ̀ rẹpẹtẹ, ó dá ètò ìlera ọ̀fẹ́, NHS, sílẹ̀ lọ́dún 1948, àwọn Conservative, ẹgbẹ́ apá ọ̀tún ibẹ̀, fúnra wọn kò sì dábàá láti fagi lé e láti ìgbà náà. Ní Amẹ́ríkà, ìbò 60 nínú 100 ni òfin ńlá sábà máa ń nílò nílé sẹ́nétọ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin ìlera ọdún 2010, sẹ́nétọ̀ kan, Joe Lieberman, ló ní òun kò ní í fọwọ́ sí i bí ètò adójútòfò ti ìjọba bá wà nínú rẹ̀. Wọ́n nílò ìbò rẹ̀ kó lè pé 60, wọ́n bá yọ ètò náà kúrò. Ohun tí Sanders ń jà fún ní Amẹ́ríkà, olóṣèlú apá ọ̀tún ló ń dáàbò bò ó ní London.

Kì í ṣe pé Yúróòpù wà lápá òsì lórí ohun gbogbo o. Ní January ọdún 2016, ẹgbẹ́ Social Democrat ti Denmark, tó jẹ́ ẹgbẹ́ apá òsì, dìbò fún òfin tó jẹ́ kí ọlọ́pàá gba dúkìá tó ju 10,000 kroner lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń wá ibi ìsádi. Ó ṣòro kí Democrat kan tó fọwọ́ sí irú èyí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ìwà àwọn èèyàn Yúróòpù ló fa gbogbo èyí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já a ní koro, torí pé ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń mú àgbègbè lọ níbẹ̀, bíi ti Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2024, Labour gba ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, ó kó àga 411 nínú 650. Ẹgbẹ́ Green gba nǹkan bí ìdá 7, àga mẹ́rin ni wọ́n fún un. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham ní London gan-an: ọmọ Nàìjíríà tó bá ń gbé ibẹ̀ lábẹ́ òfin lè dìbò nítorí Commonwealth, nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Houston ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè náà.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Maine ti yí òfin ìdìbò tirẹ̀ padà. Níbẹ̀, olùdìbò lè to àwọn òǹdíje tẹ̀ léra lórí ìwé ìdìbò, ẹni àkọ́kọ́, ẹnì kejì, títí lọ. Ní November ọdún 2018, Bruce Poliquin ti Republican ló ṣáájú nínú ìkà àkọ́kọ́ fún àga ilé aṣòfin kan, ṣùgbọ́n ìbò rẹ̀ kò tó ìdajì. Wọ́n yọ àwọn òǹdíje olómìnira méjì tó wà nísàlẹ̀, wọ́n gbé ìbò wọn fún ẹni tí olùdìbò kọ tẹ̀ lé wọn, Jared Golden ti Democrat ló sì wọlé.