Kí Ni Ìgbàgbọ́ nínú Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Aláìníjàánu?

Àwọn kan gbà pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ló máa yanjú ìṣòro ayé, àti pé kò yẹ kẹ́nikẹ́ni dá a dúró; "techno-optimism" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Tá a bá fẹ́ pè é ní Yorùbá, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú "tẹkino-ọpitimísíìmù". Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ kò ní torí àmì ohùn mọ̀ ọ́n. "Ìrètí rere nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ" sàn díẹ̀, àmọ́ kò já mọ́ nǹkan kan: dókítà tó ń retí oògùn tuntun ní irú ìrètí bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jà.

Ìgbàgbọ́ ni. Nígbà tí Marc Andreessen, tó ń fi owó ṣe agbátẹrù iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Kalifóníà, gbé ìkéde rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹwàá 2023, "a gbà gbọ́ pé" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn lórí gbólóhùn. Ó ka ìlànà ìṣọ́ra, ìyẹn pé ká rí i dájú pé nǹkan kò léwu ká tó lò ó, mọ́ ọ̀tá. Ó ní tí wọ́n bá fa AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ẹni tó ní làákàyè, sẹ́yìn, tí àwọn tí ì bá gbà là sì kú, irú ìpànìyàn kan ni. Èyí kọjá ìrètí.

Àwọn mìíràn fẹ́ "aláìlópin" dípò "aláìníjàánu". Wọn ò gbọ́ ìjà náà yé. Kò sẹ́ni tó ń jà lórí ibi tí ìmọ̀ ẹ̀rọ máa parí sí. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a dúró ni wọ́n ń bá ara wọn fà. "Ìkóra-ẹni-níjàánu" sì ti wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà.

Ìjánu ni irin ẹnu ẹṣin tí okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó gùn ún. Ẹṣin tó ní ìjánu lè sáré burúkú, àmọ́ kò lè gbé ẹni tó gùn ún lọ síbi tó wù ú. Àwọn tó ní ìgbàgbọ́ yìí sọ pé ọjà nìkan ti tó láti di okùn náà mú: ohun tó bá burú, a ò ní rà á.

Òjé inú epo bẹntiróòlù tako wọn. Ní 1921, Thomas Midgley, ní ilé ìwádìí iléeṣẹ́ ọkọ̀ General Motors, rí i pé èròjà olójé kan, bó ti wù kó kéré tó nínú epo, kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa kan gbà-gbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1923. Ní 1924, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú ní Bayway, ní New Jersey, níbi tí wọ́n ti ń pò ó. Síbẹ̀ ọjà rẹ̀ kárí ayé, nítorí pé ẹni tó ra epo ló jèrè, ọmọ tó ń fa èéfín símú ló fi ọpọlọ rẹ̀ san án, ìyẹn kò sì sí nínú owó epo. Àlgéríà ló dá a dúró gbẹ̀yìn, ní 2021.

Àwọn tó ní ìgbàgbọ́ náà jàre lórí iná mànàmáná tí wọ́n ń fi átọ́míìkì ṣe o: ìjàǹbá ilé iná átọ́míìkì Three Mile Island ní Amẹ́ríkà ní 1979 kò pa ẹnì kankan lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ìbẹ̀rù rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí Amẹ́ríkà máa jó èédú nìṣó, èéfín èédú sì ń pani lọ́dọọdún. Vitalik Buterin, ọ̀kan lára àwọn tó dá Ethereum, ètò owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, sílẹ̀, fèsì sí ìkéde Andreessen ní oṣù Kọkànlá 2023 pé ká sá eré náà, àmọ́ ká ṣáájú pẹ̀lú èyí tó ń dáàbò boni.

Pé ìjánu ń pa eré ni n ò gbà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà ti Pfizer àti BioNTech gba àṣẹ ní Bìrìtéènì ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 2020, kò tíì pé oṣù mọ́kànlá tí wọ́n tẹ àkójọ jíìnì fáírọ́ọ̀sì náà jáde. Nǹkan bí 44,000 èèyàn ló wà nínú ìdánwò rẹ̀, ìdajì gba omi iyọ̀ lásán. Wọ́n gbé ìpele ìdánwò kan gun èkejì dípò kí wọ́n fò ó, wọ́n ń pò ó sílẹ̀ kí èsì tó jáde, àjọ tó ń yẹ oògùn wò sì ń ka àbájáde bó ṣe ń wọlé.