Bí a bá yọ ẹgbẹ́ òṣèlú kúrò nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, ṣé gómìnà yóò jọ̀wọ́ káńsù?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé bí òfin bá ti lè yọ ẹgbẹ́ òṣèlú kúrò nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, káńsù yóò bọ́ sọ́wọ́ ará àdúgbò. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn wọ́n. Nínú ìwé ìdìbò tí à ń tẹ̀ka sí ní Nàìjíríà, àmì ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀, orúkọ olùdíje kò sí. Ẹni tó fẹ́ dìbò fún káńsẹ́lọ̀ tí wọ́n jọ dàgbà ní agboolé kan náà, ìgbálẹ̀ tàbí agboòrùn ni yóò wá kiri. Síbẹ̀, àṣìgbàgbọ́ ni, nítorí pé kì í ṣe àmì orí ìwé ló so káńsù mọ́lẹ̀.

Ẹ wo Gánà. Ìwé òfin wọn ti ọdún 1992 pàṣẹ pé kí ẹni tó ń du ipò nínú ìgbìmọ̀ àgbègbè jáde ní orúkọ ara rẹ̀, kí ó má sì lo àmì ẹgbẹ́ kankan. Òfin yìí kan náà ló tún fún ààrẹ láṣẹ láti yan olórí àgbègbè, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó dìbò bá ti fọwọ́ sí i, àti láti fi àwọn mìíràn kún ìgbìmọ̀ náà títí dé 30 nínú 100. Ẹgbẹ́ tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ níwájú gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ààrẹ Nana Akufo-Addo fẹ́ kí ará ìlú dìbò lọ́jọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2019 kí ẹgbẹ́ lè kópa ní gbangba, ṣùgbọ́n ohùn kò ṣọ̀kan, ó sì fagi lé e.

Àwa náà ní Nàìjíríà ti dìbò ìjọba ìbílẹ̀ láìsí ẹgbẹ́ rí, ní 1976 àti 1987, nígbà tí àwọn ológun fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú pátápátá.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni kí a yẹ̀ wò, níbi tí ohun tó so káńsù mọ́lẹ̀ wà. Abala 162 ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ bọ́ sínú àpò tí òun àti ìpínlẹ̀ jọ ní. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó náà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ìdájọ́ tó sì dùn mọ́ mi nínú ni. Ṣùgbọ́n abala 198 ṣì wà níbẹ̀: gómìnà ló ń yan alága àti ọmọ àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ a sì fọwọ́ sí i. Bí a tilẹ̀ fi orúkọ olùdíje rọ́pò ìgbálẹ̀ àti agboòrùn, àjọ tí gómìnà yàn ni yóò ṣì kéde ẹni tó wọlé.