Yíyẹ ara ọmọ tuntun wò fún àléébù abínibí

Yíyẹ ara ọmọ tuntun wò ni àyẹ̀wò tí dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí ń fi ojú, ọwọ́ àti etí ṣe láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí wọ́n lè tètè rí àléébù tí ọmọ gbé wá sáyé. Wọ́n ń wò ó wàràwàrà ní kété tí wọ́n bá bí i. Èyí tó kún ń wáyé kí ìyá àti ọmọ tó lọ sílé. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, tó sì nílò iṣẹ́ abẹ ńlá, ni wọ́n sábà ń darí sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin.

Aṣọ gbọ́dọ̀ kúrò lára ọmọ pátá. Wọ́n á fọwọ́ kan ibi rírọ̀ tó ń mì ní àtàrí, wọ́n á yí i dojú bolẹ̀ kí wọ́n lè wo ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n á tan iná sí ẹnyinjú: bí funfun bá tàn padà dípò pupa, ọ̀ràn kánjúkánjú ni. Ètè lè pé kí àjà ẹnu là, nítorí náà wọ́n á fi ìka wá inú ẹnu. Ọmọ tó bá jẹ́ Ìgè ni kí wọ́n tún fara balẹ̀ yẹ ìbàdí rẹ̀ wò, torí egungun itan irú wọn máa ń yẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ìka kẹfà Olúgbódi kì í sábà mú ewu dání, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi òwú so ó nílé.

Ìdí kò ṣe é fojú fò rárá. Ó yẹ kí ọmọ ya ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 24 sí 48, àmọ́ rírí ìgbẹ́ nìkan kò tó ẹ̀rí: ọmọbìnrin tí ihò ìdí rẹ̀ kò là lè máa gba ojú ara yàgbẹ́. Ti ọmọkùnrin, kí wọ́n wá ojú ihò ìtọ̀ kí olóólà tó dé. Bí ihò náà bá wà lábẹ́ okó dípò orí rẹ̀, kí wọ́n má kọlà fún un, nítorí awọ tí olóólà ìbá gé sọnù gan-an ni dókítà lè fi tún un ṣe.

Àìsàn ọkàn ló ń fara pamọ́ jù. Lára aláwọ̀ dúdú, ahọ́n àti èrìgì ni wọ́n ti ń wá àwọ̀ búlúù, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wọn ọ́síjìn ní ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn kì í hàn títí ọmọ yóò fi máa làágùn, tí yóò sì máa rẹ̀ ẹ́ bó bá ń mu ọmú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tún ọmọ yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, àsìkò tí ìyá ń gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.