Katakata kékeré ń han nínú òtútù, kò gbẹ́rù mọ́: ṣé omi ti wọ ọ́ìlì hydraulic ẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Katakata kékeré tí mo fi ń kó snow ní Kánádà níbí ló ń dà mí láàmú. Láti ìgbà tí wíńtà ti mú gan-an, tí mo bá ti ṣáná sí i láàárọ̀, ṣe ló máa ń han, apá ẹ̀yìn ò ní gbéra, sítíárì á le. Mo fa géèjì yọ, ọ́ìlì ẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Ṣé òtútù ló bà á jẹ́?

Ìdáhùn: Òtútù kọ́ ló gbé omi wọbẹ̀ o, àṣírí ẹ̀ ló kàn tú. Nínú ọ̀pọ̀ katakata kékeré, ọ́ìlì tí jíà ń lò náà ni hydraulic (ẹ̀rọ tó ń fi agbára ọ́ìlì gbé ẹrù) ń lò, inú ìdí ẹ̀yìn níbẹ̀ ló wà. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ, ìsàlẹ̀ yẹn náà sì ni pọ́ǹpù ti ń fà á, asẹ́ kan wà lẹ́nu ibi tó ń gbà. Tí ojú ọjọ́ bá ti já wálẹ̀ kọjá 0°C, omi á dì, yìnyín á dí asẹ́, pọ́ǹpù ò ní rí nǹkan fà mọ́, igbe tó ò ń gbọ́ nìyẹn. Jọ̀ọ́ pa á! Pọ́ǹpù tí ò rí ọ́ìlì, ara ẹ̀ ló ń jẹ.

Ìbéèrè: Ẹnikẹ́ni ò da omi sí i ṣá, ibo ló gbà wọlé?

Ìdáhùn: Kọ́kọ́ wo rọ́bà tó bo ìdí ọ̀pá jíà. Tó bá ti ya báyìí, gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí ẹ̀ inú ló ń lọ, àwọn tó ń fi pọ́ǹpù alágbára fọ mọ́tò náà ò ràn wá lọ́wọ́, wọ́n á kọjú omi síbẹ̀ tààrà. Ọ̀nà kejì ni ihò kékeré tí jíà fi ń mí. Tó bá gbóná á tú afẹ́fẹ́ jáde, tó bá tutù á fa òmíràn wọlé tòun ti ọ̀rinrin, omi á wá sẹ̀ sára irin nínú lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń ṣáná fún ìṣẹ́jú 10 tó sì ń pa á ló ń kó omi jọ jù, torí ọ́ìlì yẹn ò tíì gbóná rárá.

Ìbéèrè: Èyí tí Dádì fi ń ṣoko ẹ̀gẹ́ n'Íjẹ̀bú-Igbó ńkọ́? Yìnyín ò sí níbẹ̀.

Ìdáhùn: Tiwa ò ní pariwo ni, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Láti April dé July òjò ò fi bẹ́ẹ̀ dá, ìta ni katakata sì ń sùn, omi á rọra máa fi ìpẹtà jẹ bẹ́árìn lọ títí pọ́ǹpù á fi kú. Kí wọ́n bu ọ́ìlì díẹ̀ sínú ìgò funfun kí wọ́n gbé e kalẹ̀. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló wà nínú ẹ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa mọ́, àmọ́ tó bá wà ní funfun dọjọ́ kejì, omi ni. Tàbí kí wọ́n kán án sórí irin gbígbóná, tó bá ń ta pàrà-pàrà, omi ni (kí wọ́n má gbójú sún mọ́ ọn o).

Ìbéèrè: Ṣé mi ò lè ṣiṣẹ́ lé e lórí kó gbóná kí omi gbẹ?

Ìdáhùn: Omi ò ní hó àfi tó bá dé 100°C, ọ́ìlì yẹn ò sì yẹ kó gbóná tó bẹ́ẹ̀. Má retí pé omi á ya kúrò lára ọ́ìlì fúnra ẹ̀ náà, èyí tó bá ti funfun ti po mọ́ra. Wá ibi tó móoru tì í sí kí yìnyín yọ́, tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, jẹ́ kó dà tán, fọ asẹ́, pààrọ̀ fíltà, kó o tó da irú ọ́ìlì tí ìwé ẹ̀ sọ sí i. Ṣùgbọ́n pààrọ̀ rọ́bà yẹn ṣáájú o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó lo dà nù. Tó o bá lò ó díẹ̀ tó tún funfun, má bínú sí mẹkáníìkì, èyí tó kù nínú páìpù àtàwọn ibi tí ò dà tán ló jáde, wàá tún un dà lẹ́ẹ̀kan sí i ni.